Ṣé ká pa AC nínú gósíló Third Mainland ni, àbí ká jẹ́ kó máa fẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mọ́tò. Ìyànà Ìpájà ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Corolla 2008 tókunbọ̀ lèmi àti ọkọ mi jọ ń lò. Ọ̀rọ̀ AC ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Tá a bá ti kó sí gósíló báyìí, ọkọ mi á ní kí n pa á, pé epo ló ń mu, kí n sọ gíláàsì sílẹ̀. Èmi ò gbà, torí kí n tó dé ibi iṣẹ́ aṣọ mi á ti rin gbindin fún òógùn. Ẹni tó ń bá wa tún AC ṣe tún ti ní gáàsì ti tán, bẹ́ẹ̀ kò tíì pẹ́ rárá tó rọ òmíràn sí i. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Àti pé bọ́tìnì tí wọ́n ya ọfà tó yí po sí lára yẹn, kí niṣẹ́ ẹ̀ gan-an?

———

Àǹtí mi, ọkọ yín ò parọ́ o, AC ń mu epo. Mo rí àwọn tó ń sọ lábẹ́ ìbéèrè yìí pé iná bátìrì ló ń gbé e, pé kò kan epo rárá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wa lójú nìkan ló ń lo iná. Kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gidi níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC káàkiri, bẹ́líìtì ló so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ló ń yí i, epo ló sì ń yí ẹ́ńjìnnì, àfi àwọn mọ́tò oníná àti ọ̀pọ̀ háíbíríìdì ìsinsìnyí ló ní tiwọn lọ́tọ̀. Bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Packard ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ta mọ́tò tí AC ti wà nínú ẹ̀ látilé iṣẹ́, mọ́dẹ́lì 1940, ẹni tó bá sì fẹ́ pa AC yẹn pátápátá gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kó sọ̀ kalẹ̀, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó bọ́ bẹ́líìtì kúrò. Àwa ń tẹ bọ́tìnì lóde òní, àmọ́ bẹ́líìtì yẹn náà ló ṣì ń yí.

Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣírò bí mọ́tò ṣe ń lo epo kọ ọ́ pé tí ooru bá mú gan-an, AC lè dín ìrìn tí epo ń gbé mọ́tò kù ní ohun tó lé ní 25%, pàápàá tó bá jẹ́ ibi tí ò jìnnà lèèyàn ń lọ. Ẹ bá mi wo ìparí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Kí ló dé tó fi jẹ́ ibi tí ò jìnnà ló burú jù? Torí pé ìgbà téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ mọ́tò tó ti jókòó sínú oòrùn ni AC ń ṣe làálàá jù, ó ń lé gbogbo ooru tó ti wọ síìtì, orùlé àti dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí inú mọ́tò bá ti tutù tán, iṣẹ́ tó kù kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ibi témi àti ọkọ yín ti yapa nìyẹn. Gósíló ló dojú ìjà kọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló sì ń ná an lówó.

———

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látibi ooru yẹn, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fowó ṣòfò.

Àwọn onímọ̀ kan gbé mọ́tò sínú oòrùn ní Arizona, l'Amẹ́ríkà, èsì ẹ̀ jáde ní 2018. Láàárín wákàtí kan, inú mọ́tò dé 47°C, sítíárì 53°C, dáṣíbọ́ọ̀dù 69°C. Èyí tó wà níbòji, inú ẹ̀ jẹ́ 38°C, dáṣíbọ́ọ̀dù 48°C. Ooru tiwọn lọ́hùn-ún ju tiwa lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá ti gbé mọ́tò sí gbangba ní Marina látàárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù kẹta mọ ohun tí mò ń wí, irin bẹ́líìtì ìjókòó yẹn lè jó èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe. Wọ́n á wọlé, wọ́n á ti gbogbo gíláàsì pa, wọ́n á yí AC dé òpin, wọ́n á jókòó síbẹ̀ kí mọ́tò máa fẹ́ títí tó fi máa tutù kí wọ́n tó lọ. Afẹ́fẹ́ ìta lè má ju 33°C lọ, ti inú mọ́tò ti lé ní 45, ti inú yẹn gan-an lẹ wá há mọ́ ara yín. Ẹ lé e jáde ná! Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún àti tòsì, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gba àárín kọjá. Ẹ wá tanná, ẹ sọ gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ẹ gbé fáànù sókè, kẹ́ ẹ sì máa lọ. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní Marina bọ́ sí CMS, ooru burúkú yẹn á ti jáde, ìgbà yẹn lẹ ó wá ti gíláàsì. Kò sídìí láti dúró sójú kan kẹ́ ẹ máa mú mọ́tò tutù, torí tí mọ́tò bá ń rìn, kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ ń yí kíákíá, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí kọ́ndẹ́ńsà, ìyẹn àwọn páìpù tó ń tú ooru AC dànù níwájú mọ́tò, ó máa ń yá tutù ju ìgbà tó dúró lọ.

Ẹnì kan ní òun máa ń ṣẹ́ gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀ tóun bá páàkì, pé ìyẹn ti tó. Kò tó o. Ìwádìí kan láti Stanford ní 2005 fi hàn pé lọ́jọ́ tí ìta ò tiẹ̀ gbóná, tó wà ní nǹkan bí 22°C, ooru inú mọ́tò fi nǹkan bí 22°C lé sí i láàárín wákàtí kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló sì kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, gíláàsì tí wọ́n ṣí díẹ̀ ò fẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan sí i. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ má fọmọ sílẹ̀ nínú mọ́tò nítorí pé ẹ fẹ́ sáré ra búrẹ́dì. Ẹ má ṣe é rárá, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbé ọmọ yẹn dání.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ibòji, àti páálí tó ń dán yẹn tí wọ́n máa ń fi bo gíláàsì iwájú látinú. Kò wọ́n, ó sì ń gba dáṣíbọ́ọ̀dù là. Tíńtẹ́ẹ̀dì náà ń dín ooru kù, àmọ́ òfin tó kan gíláàsì dúdú ti wà láti 1991, ọlọ́pàá sì lè bi yín ní ìwé àṣẹ, torí náà ẹ rí i pé ìwé yín pé kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

———

Bọ́tìnì ọlọ́fà. Èyí tí ọfà ẹ̀ yí po nínú àwòrán mọ́tò, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, AC ò ní fa atẹ́gùn láti ìta mọ́, èyí tó ti tutù nínú mọ́tò láá máa yí po. Ìyẹn lẹ máa lò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lé ooru àkọ́kọ́ jáde. Atẹ́gùn Èkó gbóná, ó tún kún fún ọ̀rinrin, AC sì gbọ́dọ̀ yọ omi yẹn kúrò kó tó lè tutù dáadáa, kí lẹ wá fẹ́ kó máa fa tuntun wọlé ní gbogbo ìgbà fún? Tẹ́ ẹ bá tún wà lẹ́yìn dánfó tó ń rú èéfín dúdú ní Òṣòdì, ẹ ó mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bọ́tìnì yẹn.

Àmọ́ ẹ má fi síbẹ̀ látilé dé ibi iṣẹ́. Tí èèyàn mẹ́rin bá ń mí nínú mọ́tò tí gbogbo ojú ẹ̀ dí, afẹ́fẹ́ tá a mí jáde á máa pọ̀ sí i, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, oorun á máa kun awakọ̀. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra, ẹ ṣí i fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kẹ́ ẹ tún tì í padà.

———

Àríyànjiyàn tó pọ̀ jù níhìn-ín ni ti kọ́nọ́ọ̀bù tá a fi ń yan ìtutù tàbí ooru. Àwọn kan ní àárín ló yẹ ká gbé e sí, láàárín aláwọ̀ búlúù àti pupa, pé bí AC bá ṣe tutù tó náà ló ṣe ń mu epo tó. Àlàyé yẹn dùn létí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tá à ń lò, pàápàá tókunbọ̀ tó jẹ́ pé ọwọ́ la fi ń yí i. Nínú àwọn yẹn, AC á kọ́kọ́ mú atẹ́gùn tutù débi tó lágbára dé, tẹ́ ẹ bá wá gbé e sí àárín, ó máa ṣí ojú ọ̀nà kí atẹ́gùn kan gba ara hítà kọjá, ibi tí omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ti ń ṣàn, kó lọ gbóná padà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ti sanwó ìtutù, ẹ tún wá fi ooru bà á jẹ́.

Ohun témi máa ń sọ fáwọn èèyàn mi ni pé kí wọ́n gbé e sí búlúù pátápátá, kí wọ́n tẹ bọ́tìnì ọlọ́fà, tó bá wá ń tutù jù kí wọ́n dín fáànù kù. Àwọn mọ́tò tuntun tó ń fi nọ́ńbà hàn yàtọ̀, tiwọn mọ bí wọ́n ṣe ń dín iṣẹ́ kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ kù fúnra wọn, nínú ìyẹn, 24 tàbí 25 dáa ju kẹ́ ẹ máa fi sí 16 lọ. Kò dìgbà tá a bá ń gbọ̀n ká tó mọ̀ pé AC ń ṣiṣẹ́.

———

Ó yá, ọ̀rọ̀ gíláàsì.

Arákùnrin kan láti Kétu ní òun kì í tan AC lórí Third Mainland, pé atẹ́gùn ọ̀sà ti tó òun. Bàbá kan ní irọ́ ni, pé gíláàsì tó ṣí ń mu epo ju AC lọ. Àwọn méjèèjì ló mú apá kan. Eré tẹ́ ẹ ń sá ló máa sọ. Tẹ́ ẹ bá rọra ń rìn ládùúgbò, ní 30 tàbí 40 kìlómítà ní wákàtí, gíláàsì tó ṣí ò ná yín ní nǹkan kan, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbádùn atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́. Tí afárá bá wá ṣófo láti Òwòrónṣòkí, kìlómítà bíi méjìlá lẹ fẹ́ fi 80 sá yẹn, atẹ́gùn tó ń já wọlé á máa fa mọ́tò sẹ́yìn, bí eré ṣe ń pọ̀ lá máa fà á sí i, èrè tẹ́ ẹ rò pé ẹ jẹ lára AC á máa jò lọ díẹ̀díẹ̀. Níbẹ̀, mo fara mọ́ kẹ́ ẹ ti gíláàsì, kẹ́ ẹ fi AC sí ìwọ̀nba.

Nínú gósíló wá ńkọ́? Mi ò ní purọ́ fún yín, tẹ́ ẹ bá pa á, epo díẹ̀ á ṣẹ́kù. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ bí díẹ̀ yẹn ṣe tó. Ẹ́ńjìnnì kékeré bíi ti Corolla tó dúró sójú kan máa ń jẹ nǹkan bí ìdajì lítà sí lítà kan ní wákàtí kan láìsí AC rárá. Ohun tí AC máa fi kún un kì í sábà tó lítà kan lódindi wákàtí. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lópin oṣù karùn-ún 2023, lítà kan ò tó 200 náírà l'Ékòó, kò sẹ́ni tó ń ṣírò irú ẹ̀. Ní báyìí owó gidi ni, mo mọ̀. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ ní Òṣòdì lálẹ́ tí fóònù yín wà lórí itan, àti èéfín tírélà, àti orí fífọ́. Lójú tèmi, obìnrin tó ń dá wakọ̀ bọ̀ nílé láago méjọ alẹ́ ò gbọ́dọ̀ sọ gíláàsì sílẹ̀ nínú gósíló torí epo. Kó ti ilẹ̀kùn ẹ̀, kó ti gíláàsì ẹ̀, kó jẹ́ kí AC máa fẹ́.

Ọ̀nà téèyàn lè gbà dín in kù láìpa á tán wà: nínú gósíló tí ò kúrò lójú kan, tí inú mọ́tò bá ti tutù dáadáa, ẹ tẹ bọ́tìnì A/C kí iná ara ẹ̀ kú, kẹ́ ẹ jẹ́ kí fáànù ṣì máa fẹ́. Ìtutù yẹn á ṣì wà fún ìgbà díẹ̀. Tó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ tan án padà.

———

Àwọn awakọ̀ tó ń gbé èrò látorí fóònù ti dé, inú ń bí wọn gan-an, mo sì ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n ní owó tí wọ́n ń san fáwọn ò bá iye tí epo dé mu mọ́, èrò á wọlé láti Yábà lọ sí Ọbáléńdé, á ní kí wọ́n gbé AC sókè, tó bá délẹ̀ á fún wọn ní ìràwọ̀ méjì. Àwọn èrò náà ní àwọn ti rí dírẹ́bà tó ní AC òun bàjẹ́, tó sì jẹ́ pé bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí ló tan án.

Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ ṣẹ̀tọ́ láti kígbe lórí owó, kò sẹ́ni tó lè fi epo olówó gọbọi ṣiṣẹ́ kó má ronú. Àmọ́ ẹ má purọ́ pé ó bàjẹ́. Ẹ bá èrò sọ̀rọ̀ kó tó jókòó. Ohun tí mo rí lọ́wọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ni pé ibòji ni wọ́n máa ń wá dúró sí tí wọ́n bá ń retí iṣẹ́, gíláàsì á wà nílẹ̀, tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n débi tí èrò wà ni wọ́n máa ti gíláàsì, tí wọ́n á tan AC. Èrò á wọlé, ara á tù ú, bí wọ́n bá wá dín fáànù kù lójú ọ̀nà, kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀yin èrò náà, ẹni tó jókòó sẹ́yìn tó ní kí wọ́n gbé AC dé òpin, tó tún wá sọ gíláàsì ẹ̀yìn sílẹ̀ torí ó fẹ́ ra gàlà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ jọ̀ọ́.

———

Ní ti gáàsì, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o, torí ibí ni wọ́n ti ń jẹ wá jù.

Gáàsì AC kì í tán. Kì í ṣe epo. Inú páìpù tó dí ló wà, ó ń yí po, ó ń di omi, ó ń di atẹ́gùn, á tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá dín kù kíákíá, ó ń jò ni. Ẹni tó bá ń rọ gáàsì fún yín lóṣù méjì méjì láìwá ibi tó ti ń jò, garawa tó lu ló ń pọnmi sí, ẹ̀yin lẹ sì ń sanwó omi. Lóòótọ́, mọ́tò tó ti dàgbà lè máa pàdánù díẹ̀ láti ara rọ́bà páìpù fún ọdún púpọ̀, ìyẹn ò burú. Àmọ́ kó tutù lónìí kó máa fẹ́ ooru lóṣù tó ń bọ̀, rárá.

Mo dúró ti AC-man kan tó mọṣẹ́ ẹ̀ dunjú ní Mùṣín, ó po ọṣẹ nínú ike, ó fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sí gbogbo ojú ibi tí páìpù ti so pọ̀. A ń wò ó. Kò sí nǹkan. Ó pa á sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ndẹ́ńsà, ọṣẹ yẹn dákẹ́, ìgbà tó yá ìhó kékeré kan yọ, ó wú díẹ̀díẹ̀, ó bẹ́, òmíràn tún yọ níbì kan náà. Ó tú u, rọ́bà róbótó inú ẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán. Owó rọ́bà yẹn ò ju owó oúnjẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ gáàsì melòó ni wọ́n ti rọ sí mọ́tò yẹn kí wọ́n tó gbé e débẹ̀!

Ẹ̀yin náà lè fojú wá a. Òróró kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ máa ń bá gáàsì rìn, tí gáàsì bá ń jò níbì kan, òróró á jáde díẹ̀, ekuru á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo páìpù AC, ojú ibi tó bá ṣú tó ń dán tó tún lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ fi han oníṣẹ́ yín. Òróró yìí náà ló fà á tí gáàsì tó lọọlẹ̀ fi ń pa kọ̀m̀pírẹ́sọ̀, torí òróró ò ní dé ibi tó yẹ kó dé mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, á sì gán. Ibi tẹ́ ẹ máa dé lẹ́yìn ìyẹn ni Ládìpọ̀, ẹ ó máa na ọjà kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ tókunbọ̀ tẹ́ ẹ ò mọ ibi tó ti wá.

Lẹ́yìn tó bá tún ibi tó ń jò ṣe, kò gbọ́dọ̀ rọ gáàsì sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fa atẹ́gùn àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kó wá pa ẹ̀rọ náà, kó dúró wo géèjì. Tí ọwọ́ géèjì bá ń padà sí òdo fúnra ẹ̀, ó ṣì ń jò níbòmíì. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe èyí, wọ́n á kàn tú gáàsì díẹ̀ sí i, wọ́n á ní ó ti dáa.

Irú gáàsì tún kan ọ̀rọ̀. Corolla 2008, R134a ló ń lò. Àwọn mọ́tò tuntun ti ń lo R1234yf, wọn ò jọra, ẹ ò gbọ́dọ̀ pò wọ́n pọ̀. Sítíkà kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó sọ irú ẹ̀ àti ìwọ̀n ẹ̀ ní gíráàmù. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ má gbà kí wọ́n rọ ti AC ilé sí i, ẹ má sì gbà gáàsì ìdáná láéláé, ó ń gbiná. Àwọn AC-man kan tún rò pé tó bá pọ̀ láá tutù sí i, irọ́ ni, tó bá ti kọjá ìwọ̀n, ìtẹ̀, ìyẹn agbára tí gáàsì fi ń ti inú páìpù, á ga jù, kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ á máa tiraka, epo á máa lọ, AC á sì tún gbóná. Ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n má máa tú èyí tó wà nínú ẹ̀ dà sójú ọ̀run. Lórí mímú ayé gbóná, kílò R134a kan lágbára tó 1,430 kílò èéfín kábọ́ọ̀nù.

———

Kí n tó gbàgbé, ẹ lọ wo fítà inú mọ́tò yín. Nínú Corolla yìí, ẹ̀yìn pígìnhóòlù ló wà, ẹ kàn máa tú pígìnhóòlù yẹn sílẹ̀ ni, kò gba mẹkáníìkì. Èyí tí mo yọ nínú mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi, ewé gbígbẹ ló wà lókè, ìyẹ́ aáyán nísàlẹ̀ ẹ̀, ekuru sì ti dì mọ́ ọn dúdú bí aṣọ ọ̀fọ̀. AC ẹ̀ ò fẹ́ mọ́, ó sì ti múra láti lọ rọ gáàsì. A pààrọ̀ fítà, atẹ́gùn padà dé.

Ẹnì kan béèrè nípa òjò. Nínú oṣù kẹfà àti keje, AC kì í ṣe fáàjì, òun ló ń jẹ́ kéèyàn ríran. Tí gíláàsì iwájú bá bò látinú, ẹ má fi ọwọ́ nù ún. Ẹ tan AC, ẹ darí atẹ́gùn sí gíláàsì, ẹ sì yọ bọ́tìnì ọlọ́fà kó máa fa tìta wọlé. AC á gba omi inú afẹ́fẹ́, gíláàsì á mọ́. Omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò nìyẹn o, kì í ṣe àìsàn. Tó bá jẹ́ orí kápẹ́ẹ̀tì níwájú ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ lomi ti ń jáde, ojú páìpù tó yẹ kó gbé e jáde ló dí.

Tó bá ń rùn, ẹ máa pa A/C nígbà tó bá ku díẹ̀ kẹ́ ẹ délé, kẹ́ ẹ jẹ́ kí fáànù fẹ́ inú ẹ̀ gbẹ. Àwọn tó ní tẹ́ ẹ ò bá pa AC kẹ́ ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ á bàjẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì ó ti dákẹ́ nìyẹn.

Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sùn nínú mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ torí iná ò sí nílé: ẹ má ṣe é nínú gáréèjì tàbí ibi tó há. Èéfín ṣalẹ́ńsà ò ní òórùn tó máa jí yín.

———

Àǹtí tó ni ìbéèrè ti padà wá. Wọ́n ní AC yẹn máa ń tutù tí wọ́n bá ń sáré lórí afárá, tí wọ́n bá ti dúró ní Òṣòdì, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, géèjì ooru ẹ́ńjìnnì náà á sì gòkè díẹ̀. Ọkọ wọn ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe, AC wà ní títàn, ọ̀kan nínú fáànù méjì tó wà níwájú ò yí.

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wò ó. Lórí afárá, eré tẹ́ ẹ ń sá ló ń fi atẹ́gùn mú kọ́ndẹ́ńsà tutù. Nínú gósíló, fáànù nìkan ló lè ṣe é, ìdajì ẹ̀ ló sì kú yẹn. Ìdí nìyẹn tí pípa AC nínú gósíló fi dà bí ẹni pé ó ń ran mọ́tò yín lọ́wọ́, torí ẹ̀rọ yẹn ń jìyà lóòótọ́. Ìtẹ̀ inú páìpù á ga, á máa fipá mú gbogbo ojú ìdè tó ti gbó, ó ṣeé ṣe kó wà lára ohun tó ń lé gáàsì yín jáde.

Ẹ má ra gáàsì lọ́sẹ̀ yìí. Rìwáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí. Kó wo fúsì, kó wo rílè tó ń tan fáànù, kó wo wáyà tó lọ síbẹ̀, tí gbogbo ìyẹn bá dáa kó tó sọ pé fáànù ló jóná. Kẹ́ ẹ tó rí i ṣe, tí géèjì bá tún ń gòkè lójú ọ̀nà, ẹ pa AC, ẹ sọ gíláàsì sílẹ̀, ẹ tan hítà dé òpin kó máa fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì, tí kò bá sì sọ̀ kalẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ pa á, ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Tí fáànù méjèèjì bá ti ń yí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi omi tí ò lágbára fọ kọ́ndẹ́ńsà, kì í ṣe ti kááwọ́ọ̀ṣì tó ń tú jáde bí ọfà yẹn, torí ó máa ń tẹ àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí AC-man so géèjì mọ́ ọn pẹ̀lú fáànù tó ń ṣiṣẹ́, kó wá ibi tó ń jò pẹ̀lú ọṣẹ, lójú yín. Ẹ bá wa sọ ohun tó bá rí.